Ọ̀kan Mẹ́sàn-án

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Olúkúnlé ti fi ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown lókè òkun, òun tó fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò l'Ọ́yọ̀ọ́. Nígbà tí Díákónẹ́ẹ̀sì Fọlákẹ́ ní kó wá dán ara rẹ̀ wò ní kíláàsì ìṣirò tí ìjọ wọn ń ṣe fáwọn ọmọdé ní Sátidé, kò lè jẹun àárọ̀. Ó fẹ́ padà jẹ́ tíṣà, ó fẹ́ ẹ dé egungun.

Ó kọ 111111111 sójú bọ́ọ̀dù, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ó kọ èsì rẹ̀ láìwòwé: 12345678987654321. "Ẹ rí i? Ó ń gun òkè, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀!"

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Michelle, ọmọ tirẹ̀, ló gbé fóònù sókè. "Dad, it says zero at the end."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Fóònù ló gé e! Nọ́ńbà yẹn ti gùn ju agbára rẹ̀ lọ!"

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Díákónẹ́ẹ̀sì dìde. "Bọ̀dá Kúnlé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lọ sinmi ná, a máa pè yín." Ta ni ò mọ ìtumọ̀ ìyẹn?

Nínú mọ́tò, inú ń bí i burúkú. "Michelle, ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan, mélòó ni?"

"One."

"Níbo wá ni òdo ti wá? Ṣé ọ̀run ló ti já bọ́ ni?"

Ọmọ náà fa bébà yọ, ó to ọ̀kan mẹ́sàn-án sí ìlà mẹ́sàn-án, ó rò wọ́n pọ̀. Wọ́n ti fẹ́ dé ilé wọn ní Tyrrelstown kó tó gbórí sókè. "It's one. Sorry, Dad." Ó ya fọ́tò bébà náà, ó fi ránṣẹ́ sí Díákónẹ́ẹ̀sì.

Èsì dé wéré, Michelle kà á sókè: "Ọmọ yìí mọ ìṣirò o! Kó máa bọ̀ wá kọ́ wọn ní Sátidé."

"Èwo tún nìyí? Èmi ńkọ́?" Olúkúnlé lu sítíárìn. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Michelle ṣì tẹjú mọ́ ìlà mẹ́sàn-án náà. "Dad, wait. Kí ló dé tó fi ń gun òkè, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀?"

Olúkúnlé páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa mọ́tò, ó ní kó fún òun ní bírò.