Ẹsẹ̀ Ìjàpá

Búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán kan ilẹ̀ gbì, ó sì mọ̀ pé òun gbé. Ògiri ti tán, ìjàpá kò tíì lẹ́sẹ̀!

Òkè ló ti ń kùn ún bọ̀, kí ọ̀dà má baà kán sórí ibi tó ti parí: ayé rògòdò lókè, ẹ̀yìn ìjàpá tó gbé e nísàlẹ̀. Ayọ̀ ló kó bá a. Lọ́dún tó kọjá, orí àkàbà ló ti já bọ́, wọ́n gbé e wọ wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn yìí, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú. Nígbà tó yá, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Bó bá ti rántí, á fi òkè kan kún ayé, á fi òkun kan sí i. Ayé sanra títí, kò ṣẹ́ àyè ẹsẹ̀ kù.

Àwòrán yìí ló fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń bọ̀ wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá sí i.

“Bẹ́ẹ̀dì Keje!” Bàbá aláìsàn kan ló ń fi bẹ́ẹ̀dì tí ayàwòrán sùn sí lọ́dún tó kọjá pè é. “Ìjàpá yìí yarọ ni?”

“Ó ń sinmi ni, Bàbá.”

“Kó ru ayé, kó tún máa sinmi? Onímàgòmágó inú àlọ́ yẹn, ta ló gbé ayé fún un?”

“Inú ìwé tí ọmọ mi kà fún mi níbí ni. Àwọn kan ní Íńdíà gbà pé orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayé wà. Ní Ṣáínà, àmì ẹ̀mí gígùn ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àtètèkọ́dé kan ní Amẹ́ríkà sọ pé nígbà tí omi bo gbogbo ayé, òun ló gba ilẹ̀ sórí ẹ̀yìn rẹ̀.”

“Ó dáa. Kí ni òun fúnra rẹ̀ wá dúró lé lórí?”

Ayàwòrán ki àkísà bọ omi, ó nà án sí ògiri.

“Gbé e sílẹ̀!” Olórí nọ́ọ̀sì ti wọlé. “Ta ló ní kó o nu ayé nù?”

“Mà, kò lẹ́sẹ̀.”

“Ìwọ náà ò lẹ́sẹ̀ nígbà tó o dé. Ṣé a nù ọ́ nù ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Nọ́ọ̀sì mẹ́rin tò síwájú ògiri fún fọ́tò. Ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ìjàpá ì bá wà gan-an ni bàtà funfun wọn wà. Oṣù mẹ́ta ló fi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà wọ̀nyí nìkan ló ń rí. Ó mọ èyí tó máa ń dún fìì-fìì láàárọ̀. Ó mọ èyí tí okùn rẹ̀ já, tí wọ́n fi báńdéèjì so.

“Bẹ́ẹ̀dì Keje, o ò tíì dá mi lóhùn o.”

Ayàwòrán na ìka sí àwọn bàtà funfun náà, ó mú ìdérí, ó rọra dé agolo ọ̀dà.