Ọjọ́ Tí Eyín Dun Aṣojú

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló jọ ni ilé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ abẹ ẹnu ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àbúrò ni dókítà: òun ló ń yọ eyín tó bá kọ̀ tí kò fẹ́ jáde, òun ló ń to egungun àgbọ̀n tó bá dá, òun náà ló ń gé kókó tó bá hù sábẹ́ ahọ́n. Gbogbo ohun tó kù, láti ẹnu ọ̀nà títí dé yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà. Àǹtí Àgbà ni tẹrú tọmọ ń pè é, títí kan àwọn aláìsàn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kò sí ohun tí èèyàn máa béèrè nínú ilé yẹn tí Àǹtí Àgbà ò ní wá ìdáhùn sí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ló fi ń wá a.

Kọ̀ǹpútà orí káńtà kò mọ̀ ju ọjọ́ tí aláìsàn ń bọ̀ lọ. Inú kọ̀ǹpútà mìíràn ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni àwòrán egungun wà. Ìwé tí àwọn dókítà eyín fi ń rán aláìsàn wá, orí fóònù Àǹtí Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ sí, láàárín ìkíni òwúrọ̀ àti àwàdà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́. Ti oògùn oorun tí wọ́n ń fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, bébà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bébà náà a sì máa sá pamọ́ bí ọmọ tó jalè. Kí ó tó di ọ̀sán, Àǹtí Àgbà á ti lọ, á ti bọ̀, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lọ́jọ́ kan, aláìsàn kan ti la ẹnu sílẹ̀ lórí àga, wọn ò rí àwòrán rẹ̀. Dókítà sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, Àǹtí Àgbà ń sáré gòkè bọ̀ láti wá sọ fún un pé kò sí nísàlẹ̀, ni wọ́n bá forí sọ ara wọn láàárín àtẹ̀gùn. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n di orí mú, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Dókítà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Àfi kí àwọn wá ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó máa kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ń tà á nìyẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ wá, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ àwọn dókítà tó ń fọ eyín ni wọ́n ṣe ti tiẹ̀ fún. Ó ní bí oṣù mẹ́fà bá ti pé, ètò náà fúnra rẹ̀ á ránṣẹ́ sí aláìsàn pé kó tún padà wá. Àǹtí Àgbà bi í pé ṣé ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ dá, tí wọ́n ti tò ó tó ti jinná, àwọn náà á máa gbàdúrà pé kó tún dá a lóṣù mẹ́fà ni? Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ti ẹnì kejì ni Dókítà fẹ́ràn. Ó tóbi, ó ń dán, ó kún fún àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń yípo, tó ń lọ sókè tó ń wá sílẹ̀. Dókítà ń wò ó bí ọmọdé tó rí bàlúùnù. Àǹtí Àgbà ní kí wọ́n yí ọjọ́ aláìsàn kan padà fún òun. Wọ́n tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sínú ilẹ̀kùn, ọjọ́ ò yí. Láti ìgbà yẹn, gbogbo oúnjẹ ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fi ń jiyàn. Dókítà ní ohun ńlá ni èèyàn ńlá ń lò. Àǹtí Àgbà ní bàtà tó bá ju ẹsẹ̀ lọ, ṣíṣubú ló máa ń múni ṣubú, bó ti wù kó dán tó.

Orí iyàn yìí ni wọ́n wà nígbà tí ẹni kẹta dé.

Ọkùnrin tó múra dáadáa ni, ó gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká, ó sì fi áńkáṣífù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó ní òun ni aṣojú iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu nìkan, pé méjì ni wọ́n ní: ńlá tó ní àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń yípo bíi ti ẹnì kejì, àti kékeré. Ohùn rẹ̀ ń jáde bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà sọ ọ́ ní Aṣojú lójú ẹsẹ̀, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́ dòní. Bó ṣe ń ṣí báàgì rẹ̀, áńkáṣífù yọ̀, gbogbo wọn sì rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú bí ẹni pé ó fi ọsàn pamọ́ sẹ́nu.

Àǹtí Àgbà bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé òtútù àti afẹ́fẹ́ ni. Ó tún fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ọjà rẹ̀ lọ, àmọ́ bó bá ti kan ọ̀rọ̀ tó gba kó la ẹnu, ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Àǹtí Àgbà, ẹ̀rín sì tún ń gbọ̀n ọ́n nínú. Odò ni ọkùnrin yìí dúró sí, tí òùngbẹ fẹ́ pa á.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjà sílẹ̀ ná,” ló wí. “Ilé ta lẹ rò pé ẹ wà?”

Dókítà jáde wá, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó ní kó wọlé. Wọ́n ya àwòrán. Eyín erìgì ìkẹyìn nísàlẹ̀ ti sùn sílẹ̀ gbalaja, ó sì fi orí ti eyín tó ṣáájú rẹ̀. Ọyún ti ń kó sábẹ́ ẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé ó yẹ kó jáde, pé àyè wà láti ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an bí Aṣojú fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Aṣojú wolẹ̀, ó wòkè, ó ní òun fẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí òun ti sùn kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí Àǹtí Àgbà lọ́kàn.

“Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá,” ó wí fún un. “Bí ètò yín bá dára tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà á kọjá.”

Aṣojú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín dùn ún, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó sì gbà. Ó ṣí ètò kékeré, wọ́n so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Àǹtí Àgbà jókòó sí káńtà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ètò náà béèrè ìgbà tí aláìsàn jẹun kẹ́yìn, nítorí oògùn oorun. Aṣojú ní àná lọ́sàn-án ni, pé ta ni eyín máa dùn tó máa jẹun? Ó béèrè oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Aṣojú dárúkọ kan, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni orúkọ náà pọ́n bí ata sí orí gbogbo ojú ìwé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè ṣì í fún un. Ó tún béèrè ẹni tó máa mú un délé. Aṣojú ní òun á wa ọkọ̀ ara òun. Ètò náà ò gbà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ síwájú, àfi ìgbà tí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀ sí i. Dókítà tó ń wò lẹ́yìn wọn súfèé. Inú Àǹtí Àgbà dùn dénú eegun. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun nìkan ti ń bá àwọn aláìsàn ja irú ìjà yìí. Ó rí ẹni gbè é lẹ́yìn lónìí.

Ibì kan ṣoṣo ni ètò náà ti fẹ́ bí i nínú. Dandan ni ó ń béèrè dókítà eyín tó rán aláìsàn wá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rán Aṣojú. Nígbà tó sú Àǹtí Àgbà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Eyín fúnra rẹ̀ ló rán an.” Ètò náà gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Aṣojú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Àǹtí Àgbà ti dìde tán láti sáré lọ gbé àwòrán wá. Dókítà ké sí i látinú pé kó jókòó o, àwòrán ti wà níwájú òun. Ó jókòó. Kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣe, ló bá dìde, ó rọra lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láti wò.

Nọ́ọ̀sì ti fún Aṣojú ní oògùn, oorun ti ń kùn ún. Ó yí orí sí Dókítà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ àtijọ́ sọ̀rọ̀.

“Dókítà, ẹ má ra èyí tó tóbi. Kékeré ti tó yín.”

Dókítà bi í pé báwo. Ó ní èyí tó tóbi máa ń fi ohùn pe àwọn aláìsàn lórí fóònù, àmọ́ orúkọ kì í yé e. Ó ti pe ìyá ìyàwó òun ní Ọ̀gbẹ́ni rí, ìyá náà ò sì tíì dárí jì í. Ó ní àwọn àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń yípo yẹn ńkọ́? Òun fúnra òun ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó ti sọ ìyẹn tán, oorun gbé e lọ. Ẹ̀rín ń pa Dókítà tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ní kó dúró kí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ kó tó mú irinṣẹ́. Kò pẹ́ tí eyín fi jáde.

Ìyàwó Aṣojú dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó, òwú lẹ́nu, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí Àǹtí Àgbà, ó ní ọjọ́ tí òun ti ń bẹ ọkọ òun pé kó lọ tọ́jú eyín yìí ti pẹ́. Ó ní ká ní òun mọ̀ pé ọjà títà nìkan ló máa gbé e débẹ̀ ni, òun ì bá ti ní kó wá ta nǹkan fún dókítà látọdún tó kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n yàn. Dókítà ti gbà pé kékeré ni kí àwọn mú, àmọ́ Àǹtí Àgbà ní rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹni tí oògùn ń pa kì í ṣe ẹ̀rí, pé kò ní dára kí àwọn fi ọ̀rọ̀ ojú oorun há ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n dúró dìgbà tí ojú rẹ̀ bá dá.

Nígbà tí Aṣojú padà wá fún àyẹ̀wò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti padà dùn. Àǹtí Àgbà mú un jókòó, ó sì rò fún un látòkèdélẹ̀ ohun tó sọ. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

“Àǹtí, mi ò rántí pé mo sọ ọ́,” ló wí. “Àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ilé tèmi bá ni, kékeré ni màá mú.”

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lọ́jọ́ yẹn, òtítọ́ ò pẹ́ lọ́jà. Kékeré ni wọ́n rà, wọ́n ní kí iléeṣẹ́ náà bá àwọn tún ibi orúkọ dókítà eyín yẹn ṣe, Àǹtí Àgbà sì júwe Aṣojú fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu mìíràn tó mọ̀, ó ní ẹni tí èèyàn lè bá rajà láìla ojú ni.

Kì í ṣe pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rọrùn. Nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ àwọn aláìsàn wọnú ètò tuntun, ọjọ́ ìbí dàrú mọ́ra wọn. Bàbá arúgbó kan wà tí kọ̀ǹpútà ní ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tó bí i. Nígbà tí bàbá náà gbọ́, ó ní kí wọ́n má tún un ṣe o, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣojú wá jókòó tì wọ́n, ó ń tún un ṣe, ó sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti tòsì jẹ búrẹ́dì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúró dáadáa, ọ̀sán kan wà tí Àǹtí Àgbà gbójú sókè tí kò rí ibi tó yẹ kó sáré lọ. Ìyá kan jókòó nínú yàrá ìdúró, ó ń fún ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà á. Àǹtí Àgbà dìde kúrò ní káńtà, ó lọ jókòó tì í, ó sì bi í pé ọmọ mélòó ló ní. Ọ̀rọ̀ ọmọ di ọ̀rọ̀ àna, ọ̀rọ̀ àna di ọ̀rọ̀ ọkọ tó máa ń hanrun. Ó yá, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín débi pé Dókítà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó yọ orí síta, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, kí òun náà lè gbọ́.