Ọyàn Gbẹ Ṣáájú Ìsinmi

Ọmọ kan ké lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì, Kíkẹ́lọmọ sì yára fi ìwé ìṣirò bo àyà rẹ̀. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ti ké báyìí, omi ọyàn rẹ̀ a dà, bùláòsì rẹ̀ a rin gbingbin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lónìí, nígbà tí ó gbé ìwé kúrò, aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tún fọwọ́ kàn án. Àyà rẹ̀ já.

Ó lọ bá ọ̀gá iléèwé lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n padà sílé fún oṣù kan péré. Ọmọ mi kò tíì gbó.”

Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyàwó tirẹ̀ bímọ mẹ́fà, kò sì sí èyí tí kò jókòó tì dáadáa. Ó mí kanlẹ̀.

“Mísìs Adébíyì, ìsinmi wà, ṣùgbọ́n kò sówó oṣù níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ sì ti ní bí ẹ bá tún lọ, kí n gba ẹlòmíràn.”

Ìsinmi kúkú wà lóòótọ́, fún obìnrin tí ó bá lè máa jẹ afẹ́fẹ́. Adébíyì ọkọ rẹ̀, tí báńkì gbé wá sí Sokoto, ti ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí oyún ti wà nínú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ti gbé e padà sí Ìjẹ̀bú, owó oṣù Kíkẹ́lọmọ ni wọ́n sì fi ń ra oògùn rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Nígbà tí wọ́n lu agogo oúnjẹ ọ̀sán, ó sáré gba ọ̀nà Kofar Doya, níbi tí Kulu, aya Garba oníṣòwò awọ, ti ń bá a tọ́jú Bándélé, ọmọkùnrin rẹ̀. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní Sokoto, ojú Kulu nìkan ni Kíkẹ́lọmọ rí. Oṣù kan náà ni àwọn méjèèjì bímọ. Kulu jókòó jégò tirẹ̀, ìsinmi ìbímọ àwọn Hausa, pé: ogójì ọjọ́ omi gbígbóná àti ẹ̀kọ mímu, ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Kíkẹ́lọmọ kò dúró tó bẹ́ẹ̀.

“Hàbá, Màlámà!” ni Kulu fi èdè Hausa ké mọ́ olùkọ́ náà lọ́jọ́ tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. “Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kò tíì dá lára rẹ, o ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé?”

Kíkẹ́lọmọ máa ń fi agolo mílíìkì àti ìgò sílẹ̀ fún Kulu láràárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru gidigidi. Lẹ́yìn náà ló ṣàdédé ń sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, Kíkẹ́lọmọ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn tó ṣe mílíìkì.

Lónìí, ó wọlé láìkàgò. Kulu jókòó lórí ẹní. Indo, ọmọbìnrin rẹ̀, wà lẹ́nu ọyàn kan. Bándélé wà lẹ́nu èkejì, ó ń gbé e mì kíkankíkan. Kulu kò já a kúrò.

“Màlámà, má bínú. Mílíìkì yẹn fẹ́ pa á. Ó ń ké, ọyàn mi sì ń dà. Kí ni kí n ṣe? Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ti mu ọyàn mi ti di ọmọ mi. Kò lè fẹ́ Indo mọ́ láéláé.”

Owú jẹ Kíkẹ́lọmọ. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ wà lórí àyà obìnrin mìíràn, ojú rẹ̀ sì dì pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Síbẹ̀ ta ni yóò bínú sí ẹni tó gba ọmọ rẹ̀ là? Ó kúnlẹ̀.

“Mo dúpẹ́, Kulu. Ọyàn tèmi ti gbẹ.”

Kulu wo ilẹ̀.

“Garba ń kó wa lọ sí Gusau lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti ń wá bí màá ṣe sọ fún ọ.”

Kíkẹ́lọmọ gba ọmọ, ó fi ọyàn sí i lẹ́nu. Bándélé fà á, ó fà á, ó tu ú dànù, ó figbe ta, ó sì na ọwọ́ sí Kulu. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú ọyàn kejì. Bákan náà ni. Ó wo agolo mílíìkì tó wà lórí àjà, ó rántí bí ọmọ náà ṣe ń yàgbẹ́ gbuuru, tí àwùjẹ̀ orí rẹ̀ jìn wọlé. Àkókò ti tó láti padà síṣẹ́. Ó nu ojú ọmọ náà, ó sì gbé e padà lé Kulu lọ́wọ́.

“Mú un lọ.”

“Ọmọ rẹ, Màlámà?”

“Títí yóò fi lè jẹun.”

Omijé lé ròrò sójú Kulu, ó ní òun yóò bi Garba léèrè. Bándélé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọyàn, kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí ìyá rẹ̀ dìde.

Kíkẹ́lọmọ ti dé ojú pópó kí ó tó yé e pé òun kò ronú kí òun tó sọ̀rọ̀. Èdè Hausa a máa há a lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí kò há a. Gbólóhùn náà, “Mú un lọ,” ti wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ tí ó ti kọ́kọ́ gbé ọmọ lé Kulu lọ́wọ́, tí ó yí ẹ̀yìn padà, tí ó sì lọ síṣẹ́.