Ẹ̀wọ̀n Apá Òsì

Lọ́dún 1969, lẹ́yìn tí sọ́jà ìjọba àpapọ̀ ti gba Port Harcourt, iléeṣẹ́ epo kan mú Gàníyù wá láti Ìbàdàn kó wá tún àwọn ọkọ̀ tí ogun bàjẹ́ ṣe. Ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń rin ẹrọ̀fọ̀ ló kọ́kọ́ tún ṣe. Ọkọ̀ náà kò ní táyà; ẹ̀wọ̀n irin gbàǹgbà ló fi ń rìn lọ́tùn-ún lósì. Tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń rìn nínú ẹrẹ̀ ló ń léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n ọta ìbọn ti dá abẹ́ rẹ̀ lu, Gàníyù ò sì tíì rí irin tí yóò fi dí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Dagogo, dírẹ́bà ọkọ̀ náà, sáré wọ ọgbà wá. Ó ní ìyàwó òun, Boma, ti bímọ sí abúlé ìyá rẹ̀ ní òdìkejì ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Omi ti fà, ọkọ̀ ojú omi ò lè débẹ̀. Gàníyù ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ pe Nọ́ọ̀sì Hannah, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Diobu, wọ́n sì gbéra.

Àlọ wọn dára, wọ́n sì gbé Boma àti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Àbọ̀ ni ọkọ̀ lọ gbá kùkùté igi tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Dagogo tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ síwájú. Ńṣe ló ń yí sápá òsì díẹ̀díẹ̀.

Gàníyù rò pé ilẹ̀ ló ń yọ̀. Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé itan, ó fọwọ́ kó pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kúrò, ó gé ẹ̀ka igi sábẹ́ ẹ̀wọ̀n méjèèjì. Òfo ni. Ó wá fi okùn so pákó mọ́ wọn kí wọ́n lè rí nǹkan fi gbá ilẹ̀ mú. Pákó ọ̀tún wọlé lọ sábẹ́ ọkọ̀, ti òsì ò mira. Ìgbà náà ló tó tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń wa ẹ̀wọ̀n òsì. Kẹ̀kẹ́ ń yí, ẹ̀wọ̀n dúró. Kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló dẹ̀, eyín ò mú un mọ́, ọ̀pá tí wọ́n sì máa ń yí láti fà á le ti tẹ̀ lára kùkùté. Ó fi sípánà yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kò yí.

Dagogo nawọ́ sí ẹnu odò. "Ọ̀gá, water dey come."

Hannah yọjú láti inú ọkọ̀, ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kí Dagogo má baà gbọ́. "Bùọ̀dá Gàníyù, ara rẹ̀ ti ń tutù. Ẹ ṣe ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe."

Ohun kan ló kù: kó yọ ègé kan kúrò nínú ẹ̀wọ̀n kó lè kúrú. Ó lu ìṣó tó so ègé mọ́ ègé jáde. Dagogo fi ọ̀pá irin fa etí méjèèjì súnmọ́ra, Gàníyù sì ń fọwọ́ òsì to ìṣó padà sójú ihò. Ọ̀pá yọ̀. Ẹ̀wọ̀n pa mọ́ ìka Gàníyù. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìṣó ti wọ ojú ihò, àti pé bí òun bá yọwọ́, yóò bọ́. Omi ti dé ìbàdí wọn.

"No loose am," ló sọ fún Dagogo tó fẹ́ ya ẹ̀wọ̀n. "Hannah, wá gba òòlù."

Hannah gbé ọmọ lé Boma láyà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ó ní òun ò lè lù ú níbi tí ọwọ́ ènìyàn wà.

"Lù ú."

Ó lù ú, ó ń sunkún, títí ìṣó fi wọlé tán.

Ẹ̀wọ̀n mú. Ọkọ̀ fà wọ́n jáde tòun ti omi nínú rẹ̀, Hannah sì gbé orí Boma sókè títí wọ́n fi gun ilẹ̀ líle, níbi tí ọkọ̀ àwọn sọ́jà ti gbé wọn dé ọsibítù.

Dókítà gé ìka méjì lọ́wọ́ Gàníyù. Àwọn tí ogun ṣe léṣe ti kún bẹ́ẹ̀dì, orí ẹní ni wọ́n tẹ́ òun àti Boma sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dagogo, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, jókòó sáàárín wọn, kò lè wo ẹnì kankan lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Boma lajú, ó béèrè ọmọ rẹ̀, Hannah sì gbé e lé e láyà.