Wọ́n Tú Àpò Agbẹjọ́rò

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Agbẹjọ́rò, nítorí bí o bá ní kó lọ sùn, á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ìdí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákò. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló gbà á tọ́, òun náà ló sì ń pè ní Màmá. Iṣẹ́ Màmá ni kó máa nu ilẹ̀, kó sì máa fọ ilé ìyàgbẹ́ ní ilé ìtajà ńlá tó wà ní ìkángun òpópónà wọn, kí àwọn oníbàárà tó dé láàárọ̀.

Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ní àdúgbò náà, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ni ọ̀gá ilé ìtajà àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan bá wọlé, ẹ̀ṣọ́ á tẹ̀ lé e láti ibi búrẹ́dì dé ibi ọṣẹ. Àwọn èèyàn ti fi í ṣe àwàdà. Màmá fúnra rẹ̀ a máa sọ pé, "Ó kéré tán, èèyàn kì í dá rìn níbẹ̀."

Ọ̀sán Sátidé kan ni àwàdà náà wọlé tọ Màmá wá. Agbẹjọ́rò lọ ra ìwé àti bírò. Ó ti sanwó tán kí ẹ̀ṣọ́ tó dì í lápá mú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n da gbogbo ẹrù inú àpò rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn èèyàn, títí kan páàdì nǹkan oṣù rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀ṣọ́ ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó bá a ṣa ẹrù rẹ̀.

Nígbà tó délé, kò sunkún. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ìbọ̀sẹ̀ mi ti ya. Gbogbo wọn ló rí i."

Ó wu Màmá kó lọ bá ẹ̀ṣọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀. "Ní sùúrù, ọmọ mi. Ibi tí mo ti ń jẹun ni. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni."

"Ìgbà wo ni ọwọ́ wa máa tẹ̀ ẹ́?"

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá gbé gárawà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà náà, ó sì ń nu ojú ibi tí ọmọ rẹ̀ ti dúró láìwọ bàtà. Ó ń nu ún lẹ́yìn tó ti mọ́ tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Agbẹjọ́rò àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dúró síwájú ilé ìtajà náà, wọ́n gbé páálí tí wọ́n kọ "A kì í ṣe olè" sí dání. Wọn ò pariwo. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, àwọn òbí kan sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Bàbá télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti máa ṣèpàdé.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Màmá. Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀wọ̀ pè é rí. "Sọ fún ọmọ ẹ kó jáwọ́. Màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì mi níbí ni, ká ti ilẹ̀kùn."

Màmá jíṣẹ́ nílé. Agbẹjọ́rò mi orí. "Ojú ayé ni wọ́n ti tú àpò mi. Ojú ayé ni kó ti bẹ̀ mí."

"Ṣé ẹ̀bẹ̀ la ó máa jẹ?" ni Màmá bi í. Inú ń bí i débi pé kò lè jẹun alẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọ́fíìsì náà láti bẹ ọ̀gá pé kó má ka ọ̀rọ̀ ọmọdé sí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí i. "Má ṣèyọnu. Mo mọ̀ pé ìwọ ò rí bíi tiwọn."

Ẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu Màmá gbẹ síbẹ̀. "Bíi tiwọn gan-an ni mo rí, sà," ló wí. Nírọ̀lẹ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ dúró ti ọmọ rẹ̀ níwájú ilé ìtajà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ní kó má wá síṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí òtútù mú, ilé ìtajà náà kógbá sílé. Wọ́n ní kò mú èrè wá. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àforíjì. Ó wá di pé kí èèyàn wọ bọ́ọ̀sì kó tó lè ra búrẹ́dì. Arábìnrin àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn, tó ń fi ọ̀pá rìn, pàdé Màmá lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti gba ẹ̀tọ́ wa fún wa, ó wá ku ohun tí a ó jẹ." Àwọn òbí tó ń bá wọn dúró tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ wọn wá sípàdé mọ́, wọn ò sì kí Màmá mọ́.

"Màmá, ṣé mo ṣàṣìṣe ni?"

"O ò ṣàṣìṣe."

Nípàdé tó tẹ̀ lé e ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àwọn tó wá, títí kan Màmá, ò ju ìwọ̀nba lọ. Ọmọbìnrin kan láti àdúgbò kejì wọlé, ó rọra sọ pé àwọn ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n òun ní ibùdókọ̀ láìṣẹ̀. Ó béèrè ohun tí èèyàn máa kọ́kọ́ ṣe.

Agbẹjọ́rò fa àga kan fún un. Màmá wo ojú ọmọ tuntun náà, ó sì wù ú kó sọ fún un pé kó máa lọ sílé, nígbà tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ṣì ń kí i. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ ògiri kí ọmọ náà lè ráyè jókòó.