Ohùn Mẹ́rin Alágbàfọ̀

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ iye ọ̀rọ̀ tí gìtá kan lè mú jáde lẹ́nu àgbàlagbà kí ọwọ́ tó kàn án, kó lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ Káfíńtà lọ́sàn-án Sátidé. Yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń rùn fún gúlúù àti lẹ́búlẹ́bú pákó. Àga mẹ́rin ló gbà, ihò iná mẹ́rin ló wà lára ògiri rẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló sì ń pàdé níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa béèsì, gìtá olókùn nínípọn tó máa ń kùn nísàlẹ̀ orin bí ẹni tó ń dá rò. Láti sọ̀rọ̀ ni o. Kí wọ́n ta á ṣọ̀wọ́n.

Dókítà Eléyín ni alága wọn. Béèsì méje ló ní, ó sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní "ọmọ mi". Àwọn ọmọ méjì tó bí fúnra rẹ̀ kò gbọ́ irú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò, kì í rà púpọ̀, àmọ́ kò sí igi tí wọ́n ń fi gbẹ́ béèsì láyé yìí tí kò mọ ìwúwo rẹ̀. Káfíńtà, tó kéré jù nínú wọn, gbẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fi okùn mẹ́jọ sí i níbi tí mẹ́rin ti tó. Ó ní bí èèyàn bá ń ṣe nǹkan, kó ṣe é kó kún.

Ẹnì kẹrin ni Alágbàfọ̀. Béèsì kan ṣoṣo ló ní, olókùn mẹ́rin, aláwọ̀ igi, tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kó fún un lọ́jọ́ tó fi orin sílẹ̀ tó lọ ń ta táìlì. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́ lórí rẹ̀. Dókítà ní àánú Ọlọ́run nìyẹn.

Ìṣòro Alágbàfọ̀ kì í ṣe gìtá, ìka ni. Ẹni tó bá ń ta béèsì, bó pẹ́ bó yá, orí ìka rẹ̀ á le bí awọ bàtà, okùn ò sì ní dùn ún mọ́. Ti Alágbàfọ̀ kọ̀, kò le. Láti aago méje àárọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń wà nínú omi ọṣẹ, tó ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, àti aṣọ tábìlì tí àbàwọ́n rẹ̀ ti ṣẹ́gun ẹ̀rọ. Awọ tó bá le lánàá, omi á ti rẹ̀ ẹ́ dẹ̀ kó tó di ọ̀sán òní. Oṣù méjìdínlógún rèé tó ti ń gbé ìka ọmọ tuntun lọ bá okùn irin.

Ẹgbẹ́ kò sì fi ìmọ̀ràn dù ú.

"Okùn ló yẹ kó o pààrọ̀," Dókítà á wí. "Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Bí àrán ló rí lọ́wọ́."

"Kì í ṣe okùn," Tíṣà á dá a lóhùn. "Ọrùn gìtá yẹn ló nípọn jù. Ẹ wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, màdáámù."

"Àǹtí mi, ẹ má dá wọn lóhùn," Káfíńtà á wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ òmíràn fún yín."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kó ṣáà máa ta á lọ.

Nígbà tó yá, Lọ́yà dé. Tíṣà ló mú un wá lálejò ní Sátidé kan. Ó gbé àpótí dúdú kan kalẹ̀ lórí tábìlì Káfíńtà, ó ṣí i, àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ ọjọ́ mẹ́ta nínú ìbùsùn. Béèsì kan sùn sórí àrán pupa níbẹ̀, ó ń dán bí ojú omi. Wọ́n ní mẹ́tàdínlógún péré irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún," Dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀.

"Mi ò tíì ta á rí," ni Lọ́yà fèsì. "Mi ò fẹ́ kí òógùn kàn án."

Ó yẹ kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kàkà bẹ́ẹ̀, Tíṣà mirí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá. Káfíńtà wo béèsì olókùn mẹ́jọ rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì rọra fi aṣọ bò ó. Ojúkòkòrò kì í ṣe àrùn, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n ràn.

Nígbà tí Lọ́yà lọ tán, Dókítà wúkọ́. "Lọ́yà fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ sì mọ̀ pé yàrá yìí kò gbà ju mẹ́rin lọ."

Gbogbo wọn wo ilẹ̀, wọ́n wo àjà, wọ́n wo fèrèsé. Bí ojú mẹ́fà bá ń sá fún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ẹni tí wọ́n ń bá wí.

"Dókítà," Alágbàfọ̀ wí, "ẹ là á mọ́lẹ̀."

"Kò sí ìjà níbẹ̀, Alágbàfọ̀. O mọ̀ pé ilé ìkàwé ní ká wá bá àwọn ọmọ akọrin wọn ta orin kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí òní. Bó o bá ta tìrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àga rẹ di tìrẹ. Bó o bá dúró láàárín, bó o ṣe máa ń dúró níbí tó o máa fẹ́ atẹ́gùn sí ìka..."

"Lọ́yà á jókòó."

"Ìwọ lo sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Alágbàfọ̀ wo àga rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, bí èèyàn bá jókòó lórí rẹ̀, ṣe ló ń mì. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ibòmíràn láyé tó ń jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kó bá òun yọ nǹkan kúrò lára aṣọ.

"Mo gbà," ló wí. "Ìsàlẹ̀ tàbí òkè, èwo lẹ fún mi?"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ béèsì, ìsàlẹ̀ ni. Ọmọ kékeré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ béèsì yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ síbẹ̀. Dókítà ní ọmọ òun olókùn mẹ́fà, òkè ni wọ́n ṣe é fún. Tíṣà ní igi tòun ń ké jù láti máa kùn. Káfíńtà ní ṣé okùn mẹ́jọ ni wọ́n máa fi mọ sí ìsàlẹ̀ ni? Bí wọ́n ṣe kó ìsàlẹ̀ fún Alágbàfọ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń kó àwo ìdọ̀tí fún ẹni tó dé kẹ́yìn: ohùn mẹ́rin péré, kó máa yí i po fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ́jọ́ Ajé, Alágbàfọ̀ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kórìíra rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ wá àbàwọ́n lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí họ ẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀, ó sì ń pẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ìka rẹ̀ gbẹ. Láràárọ̀, kó tó dé ìdí omi, á jókòó sẹ́bàá ibùsùn, á gbé aago ìyá rẹ̀ síwájú, á sì bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé kò ní sùúrù fún orin tí kò ní ọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó pariwo láti yàrá kejì, "ṣé orin yẹn kò ní ibì kan tó ń lọ ni?"

"Kò lọ síbì kankan, Ìyá mi. Ṣe ló dúró."

"Ó dà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí wọn ò dá lóhùn. Ọlọ́run ṣàánú onílé."

Lọ́sẹ̀ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ta kí ìka tó lé ròrò. Lọ́sẹ̀ kẹta, márùn-ún. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an, ó dé mẹ́jọ ààbọ̀, awọ ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sì là. Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe máa ń wo àbàwọ́n wáìnì lára aṣọ funfun: kò bínú sí i, ṣe ló ń ronú ọ̀nà.

"O ò ní sinmi láàárọ̀ ọ̀la ni?" ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Mo kúkú ti mọ orin náà báyìí."

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún. Ọgbọ̀n ọmọ dúró lórí àkàbà onípákó, Olùdarí wọn, obìnrin kúkúrú kan tó gbé awò ojú sí iwájú orí, sì wà níwájú wọn. Dókítà kó béèsì méjì àti àpótí kékeré mẹ́sàn-án wá, àwọn tí wọ́n máa ń fi bàtà tẹ̀ kí ohùn lè yí padà. Ó tò wọ́n sílẹ̀ bí ohun èlò ìyọyín. Ní ìlà àkọ́kọ́ àwọn òǹwòran, Lọ́yà jókòó, ó gbé àpótí dúdú rẹ̀ sórí itan. Kò sẹ́ni tó pè é kó gbé e wá. Alágbàfọ̀ rí i, ó sì gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ẹsẹ kìíní orin lọ dáadáa. Nínú ẹsẹ kejì, Dókítà gun òkè. Tíṣà rí i, kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Káfíńtà fi gbogbo ìka rẹ̀ lu gbogbo okùn rẹ̀. Béèsì mẹ́ta ń sáré lókè bí eku inú àjà, àwọn ọmọ sì sọ orin nù: àwọn ti apá òsì ń kọ ọ́ níbì kan, àwọn ti apá ọ̀tún ń kọ ọ́ níbòmíràn, ọmọ kan láàárín sì pa ẹnu dé, ó ń wá ìyá rẹ̀ láàárín èrò.

Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Olùdarí gbọ́ ọ. Ó nàka sí Alágbàfọ̀, ó nàka sí etí ara rẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ àwọn ọmọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀, ti òsì wá, ti ọ̀tún wá, wọ́n jókòó lé ohùn mẹ́rin náà bí ẹyẹ lórí wáyà iná. Olùdarí wá na àtẹ́lẹwọ́ sí àwọn ọkùnrin, ó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Tíṣà ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ẹni tó ti ṣe tíṣà rí mọ ojú tíṣà tó ń bínú. Káfíńtà tẹ̀ lé e. Dókítà rò pé ṣe ni wọ́n ń kí òun, ó fi kún un. Olùdarí rìn lọ bá a, ẹnu rẹ̀ ṣì ń kọrin, ó sì fa wáyà Dókítà yọ lára ògiri.

Ó wá ku Alágbàfọ̀ àti àwọn ọmọ.

Nínú ẹsẹ kẹfà, ìka là. Ó mọ̀ ọ́n kó tó wò ó. Bí iná ló ṣe wọlé, ó gba apá rẹ̀ lọ sókè, gbogbo ara rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, kó kàn fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́yà sún síwájú lórí àga rẹ̀. Alágbàfọ̀ pààrọ̀ ìka. Nígbà tí ìyẹn náà là nínú ẹsẹ keje, ó fi èyí tó tẹ̀ lé e ta á. Nígbà tó fi di ẹsẹ ìkẹyìn, àtàǹpàkò ló kù, ó sì fi àtàǹpàkò gbé ọgbọ̀n ọmọ dé ilé. Ohùn kẹrin kú nínú gbọ̀ngàn kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ yí i ká. Ká sòótọ́, gìtá rẹ̀ ni wọ́n yí ká. Dókítà gbé e lọ́wọ́ wò, ó wọ̀n ọ́n.

"Igi wo rèé?"

Tíṣà kàn án kókó, ó gbé etí lé e. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí," ó wí, ó sì dun Tíṣà láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá rí ẹ̀jẹ̀ lára okùn, ó ronú sí i. "Àbí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ìdè ẹ̀yìn tí okùn rẹ̀ so mọ́ ni mo rò," Káfíńtà wí.

Lọ́yà yọjú láàárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?"

"Alágbàfọ̀," Dókítà wí, ohùn rẹ̀ ti di ohùn tó fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, "mú olókùn mẹ́fà mi, kó o fi èyí sílẹ̀ fún mi."

"Dókítà, àga mi ńkọ́?"

"Àga wo? Igi ni mo ń bi ọ́."

"Àga mi."

"Ó ti di tìrẹ."

"Kí Lọ́yà gbọ́."

Dókítà tún un sọ, ó sọ ọ́ sókè. Alágbàfọ̀ gba gìtá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Olùdarí jáde sí wọn, ó ní kí wọ́n tún wá bá àwọn ọmọ ta orin lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo wọn, tí wọ́n bá lè ta ohun tí obìnrin yìí ta. Tí wọn ò bá lè ta á, kí Alágbàfọ̀ nìkan máa bọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dókítà gbé béèsì tuntun wá, olókùn mẹ́rin, aláwọ̀ igi, olówó pọ́ọ́kú. Ó ti ta á fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì dún bíi ti Alágbàfọ̀. Ó fura pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

"Ẹ jókòó, Dókítà," Alágbàfọ̀ wí. Ó ti fi báńdéèjì wé ìka mẹ́ta. "Ohùn mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ẹ má fi nǹkan kan sí i."

Dókítà bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ń wo aago. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ojú alága bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè ọrùn gìtá bí ojú ọmọ tó ń wo ìkòkò ẹran, ìka rẹ̀ tẹ̀ lé ojú, ohùn karùn-ún kan bọ́ síta, ó dán, ó rẹwà, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," Alágbàfọ̀ wí.

"Ẹyọ kan péré ni mo fi kún un!"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Dókítà."

Dókítà mí kanlẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ padà sísàlẹ̀.