Fi Owo Si, Láìsí Àmì

Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́rin ló wà nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́ wa, gbogbo wọn ló sì jẹ́ àdéhùn orí kọ̀mpútà tí mo kọ, irú tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ. Àdéhùn àjọ dídá kan náà ni. Mo kàn kọ ọ́ ní èdè kọ̀mpútà mẹ́rin, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lè rí àpẹẹrẹ wò. Èmi ni mò ń tún wọn ṣe bí wọ́n bá bàjẹ́. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n mọ́lẹ̀, torí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo bá kọ sínú rẹ̀ ló máa ṣe.

Bùràímọ̀ bíríkìlà ló kọ́kọ́ wá dá àjọ, ó ká owó mọ́ ọwọ́. Mo ti kọ ọ́ sí iwájú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ pé *fi owo si*. Ẹ̀rọ náà kà á sókè, ó ní, "Fi ọwọ́ sí i." Bùràímọ̀ na ọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ gé e ní ọrùn ọwọ́, ó gbé ọwọ́ náà mì, ó ní òun dúpẹ́. Owó já bọ́ sílẹ̀. Bùràímọ̀ wo ibi tí wọ́n ti gé e, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín kì í ṣeré o." Ó jókòó, ó sì kú.

Láṣùn, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń da omi sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún ẹ àbí n kò sọ? Mo ní fi àmì sọ́rọ̀. O ní ta ló ń ráyè àmì lórí kọ̀mpútà. Ọ̀lẹ." Mo ní kó panu mọ́. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Mo gbé òòlù. Mo fọ́ ẹnu ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kí n tó ráyè kọ àmì lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó sì bu èjìká mi jẹ. Mo lu èkejì títí ó fi ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, mo kọ àmì sí i. Ìkẹta bú ìyá mi bú bàbá mi, mo fọ́ ọ lójú, mo kọ àmì sí òun náà. Ó wá ku ìkẹrin.

Màámi ló dúró níwájú ìkẹrin. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí a ti sin ín. Aṣọ tí a fi sin ín ló wọ̀, erùpẹ̀ sì wà létí rẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun lọ́hùn-ún pé ọmọ òun dá àjọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dá a. Ó di kọ́bọ̀ kan mọ́ ọwọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́!"

"Àkànmú, ṣebí ìwọ lo kọ ọ́?"

Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́. Kò ké. Ó kàn ń wò mí tẹ̀rín tẹ̀rín, inú rẹ̀ ń dùn sí mi.

Yéè! Mo sáré tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, mo fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ó bi àmì náà sí mi lójú, ó gbóná. Ó ní, "Èdè tèmi kì í gba àmì. Wá ọ̀rọ̀ mìíràn."

Láṣùn gbá mi mú lẹ́yìn. "Má kánjú! Rò ó kí o tó tẹ̀ ẹ́!"

Mo fi orí gbá a nímú, ó ṣubú lulẹ̀. Kí ni n ó rò, nígbà tí ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́ dé èjìká? Kó ṣáà tú ìyá mi sílẹ̀ ni mo fẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá: *tu iya mi*.

Ẹ̀rọ dúró. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó tún un kà, ó ní ó ti yé òun. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu ú, bí a ṣe ń tu ìyẹ́ adìyẹ tí a ti rẹ sínú omi gbígbóná. Ó tu irun rẹ̀. Ó bọ́ sí èékánná. Awọ iwájú orí rẹ̀ ń bá irun lọ.

Màámi ṣì kọjú sí mi. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, kò ríran mọ́.

Ó ní, "Ṣé ó ti ń tú mi sílẹ̀, Àkànmú?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."